Ọjọ́ tí Àlàájà Pín Bàtà Lẹ́nu Ihò Búdà

Àlàájà Sàdíátù kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn bá ti fẹ́ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun ni yóò ti gbá àyà, yóò ní: "Èmi ni o! Èmi Sàdíátù, ọmọ Abẹ́òkúta, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, tí mo lọ sí Mẹ́kà tí mo bọ̀. Èmi ni mo kó bàtà àwọn ará Chicago, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síbí, mo gbé ẹsẹ̀ òsì lọ sọ́hùn-ún, mo sì ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Yóò wá bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ yóò máa mì bí omi inú korobá tí wọ́n gbé sórí kẹ̀kẹ́, omijé yóò sì máa dà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ló kù tí aráyé fẹ́ fi í ṣe?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Oṣù mẹ́fà ni Àlàájà lò lọ́dọ̀ Daud, àkọ́bí rẹ̀, ní Joliet nítòsí Chicago. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ni Daud ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan; Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe nọ́ọ̀sì. Modúpẹ́ yìí ló ra bàtà dúdú kan fún Àlàájà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀, tí kò ní okùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì. Láti ọjọ́ tí Àlàájà ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni kò ti wo ojú bàtà mìíràn mọ́. Àǹkárá ló wọ̀ ni o, léèsì ló wọ̀ ni o, bàtà nọ́ọ̀sì ni yóò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Sátidé yẹn ni yóò padà sílé. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ yóò gbéra. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an tún ni ọjọ́ ìdánwò Muminat.

Muminat ni ọmọ tí Daud kọ́kọ́ bí. Ọ̀dọ̀ Àlàájà ní Abẹ́òkúta ló gbé títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yìn ìyá àgbà ló ti mọ oorun sùn. Ó ti di ọmọge báyìí, ó ń gbé ní South Shore nínú Chicago, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù kékeré kan tí wọ́n kó ère àtijọ́ láti Ṣáínà sí: orí Búdà, ọwọ́ Búdà, àwọn nǹkan tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ihò àpáta láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sẹ́yìn, wọ́n sì kọ́ yàrá kan bí ihò náà láti fi wọ́n hàn. Iṣẹ́ Muminat ni kó máa mú àlejò yí ká, kó máa ṣàlàyé fún wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dán an wò, ọjọ́ Sátidé yẹn sì ni òpin rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ yóò bá a wọlé ní aago méjì. Bó bá ṣe é dáadáa, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá ṣe é dáadáa, kó gba ilé lọ.

Ọ̀gá yìí ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìmọ̀ ń bẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ka ìwé ara páálí òògùn ló ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn àlejò a sì máa yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èèyàn mọ́kànlá ló bá a wọlé. Mẹ́ta ló bá a jáde. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, oorun ló gbé e lọ. Wọ́n jí i ni.

"A máa yà lọ́dọ̀ ọmọ yẹn," ni Àlàájà wí, bí Daud ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò.

"Ìyáà mi, kò sí lójú ọ̀nà."

"Kí ni kò sí lójú ọ̀nà? Ọmọ tí mo pọ̀n?"

"Airport wà lápá ibí, mùsíọ́ọ̀mù wà lápá ọ̀hún. Bí tráfíìkì bá mú wa, plane á fi yín sílẹ̀ lọ."

"Á fi èmi Sàdíátù sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin gan-an, Ìyáà mi."

"Kó dán an wò."

Daud wo ìyá rẹ̀, ó wo aago, ó mí kanlẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí wákàtí kan péré. Bí mọ́tò ti ń lọ ni Àlàájà pe Muminat lórí fóònù, pé kó má bẹ̀rù, ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá ba Muminat.

"Grandma, please, mo bẹ yín. Nǹkan mẹ́ta péré ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé grandma mi ni yín. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ sì má sọ̀rọ̀, at all."

"Ṣé kí n máa mí?"

"Ẹ lè mí, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni. Grandma, ibi ìjọsìn ni ihò yẹn láyé àtijọ́. Àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Respect ni kí ẹ fi wọlé."

"Ìwọ, Mùmí! Èmi lo fẹ́ kọ́ ní ọ̀wọ̀, èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí póò?"

Ẹ̀rín ni Àlàájà fi pa fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti rọra jókòó sí i lórí: pé ibi ìjọsìn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n dé ibẹ̀, Daud kò rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Ó ní òun á máa yí àdúgbò náà po títí, kí Àlàájà ṣáà ti jáde láago mẹ́ta. Àlàájà tún ìró rẹ̀ ró, ó ta ìborùn rẹ̀ sí èjìká, ó wọlé bí ìyá ìyàwó.

Muminat dúró nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ búlúù àti káàdì orúkọ láyà, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Àlàájà bí ẹni tí kò rí i rí. Àlàájà náà gbójú sókè, ó ń wo àjà, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló máa ń fẹnu fa ikun nímú ọmọ yẹn nígbà tí òtútù bá mú un.

Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Muminat, ó gbé pákó ìkọ̀wé dání. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, yóò ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó fi aṣọ funfun wé orí, ó so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́ ọrùn ọwọ́. Loretta ni wọ́n kọ sára káàdì rẹ̀. Òun ni ọ̀gá. Bó ti rí bùbá àti ìró Àlàájà báyìí, ojú rẹ̀ tàn, ó sì kúnlẹ̀ gbaragada láàárín àwọn èèyàn.

"Ẹ káàsán, Màmá. Orúkọ mi ni Òṣàyẹmí. Ọmọ Auburn Gresham ní Chicago níbí ni èmi. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?"

Yorùbá náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó já lulẹ̀ níbẹ̀.

"Háà! Dìde, ọmọ mi, dìde, ilẹ̀ tutù! Ta ló kọ́ ọ?"

"Ilé òrìṣà wa ni, Màmá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Òṣàyẹmí. A máa ń kọ́ èdè ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀."

Àlàájà tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run sínú nítorí òrìṣà tó wọnú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà tí Muminat ti wọ yunifásítì, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀ fún àgbà mọ́, á kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo nǹkan lábẹ́ tábìlì. Àlàájà sọ ojú kalẹ̀ láti dá ìdùnnú rẹ̀ dúró, ohun tó sì rí lẹ́sẹ̀ obìnrin náà tún pa á lẹ́rìn-ín.

"Wo bàtà rẹ! Wo tèmi! Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

"Ìdúró ọjọ́ gígùn ni, Màmá. Ẹsẹ̀ mi ń kérora." Fóònù Loretta ń dún, ó sọ fún Muminat pé kó máa kó wọn lọ, òun ń bọ̀ wá bá wọn nínú ihò.

Muminat bẹ̀rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìwé. Ó sọ̀rọ̀ nípa Luoyang, ìlú àwọn ọba àtijọ́ ní Ṣáínà, nípa àwọn agbẹ́gilére tó ń fi òkúta ṣe bí ẹní fi igi, tí wọ́n gun àpáta, tí wọ́n ń gbẹ́ ère fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ń kú sí i lẹ́nu. Àlejò mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, Àlàájà wà nínú wọn, méjì sì ti ń yán.

Wọ́n dé ẹnu ihò náà. Yàrá gígùn kan ni wọ́n kọ́ bí inú àpáta, ó ṣókùnkùn, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé wà ní orí kan, àbájáde wà ní orí kejì. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn wà nílẹ̀. Lápá ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n to àwọn orí àti ọwọ́ sí nínú gíláàsì. Ní àárín, Búdà ńlá kan jókòó, iná fẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú rẹ̀, ó pa ojú dé díẹ̀, bí àgbà tó ń ka tẹ̀sùbáà.

Ẹsẹ̀ Àlàájà dúró fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti wọ mọ́sáláṣí fún ọgọ́ta ọdún mọ kápẹ́ẹ̀tì ibi ìjọsìn lọ́tọ̀, o kò lè fi kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ tàn án jẹ. Kó tó ronú, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin òyìnbó gíga kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bi í pé ṣé dandan ni. Àlàájà rántí pé wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀. Nítorí náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn nàka sí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó nàka sí Búdà, ó fi ìka lé ètè. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì bá tí lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, bàtà ọ̀hún sì tó ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ tirẹ̀. Àwọn tó wà níwájú wẹ̀yìn, wọ́n rí i, ojú tì wọ́n pé àwọn kò mọ̀, wọ́n sáré padà wá bọ́ tiwọn. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti wà lórí ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan lu, ọmọ-ìka ńlá yọjú síta láti kí ayé. Muminat tó ń fi ìwé bojú níwájú kò rí ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Wọ́n wọlé tán, ó wá ku Àlàájà àti òkìtì bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí obìnrin yìí. Jímọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti jí bàtà rẹ̀ ní mọ́sáláṣí ní Abẹ́òkúta. Ọdún Iléyá kan tún wà tí wọ́n jí bàtà tuntun ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, tí bàbá Daud fi sálúbàtà ilé ìwẹ̀ méjì wọ́lé, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yẹn ti fòfin lélẹ̀ nínú ilé: ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ẹsẹ̀ kejì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Kò sí olè tí ń jí ẹsẹ̀ kan," ló máa ń wí. "Kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣe?" Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ títí Ọlọ́run fi pè é, bàtà kankan kò sì sọnù mọ́.

Àlàájà wo bàtà àwọn ará Chicago. Àánú wọn ṣe é. Àwọn èèyàn yìí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ayé! Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣa gbogbo ẹsẹ̀ òsì sínú rẹ̀, ó dì í, ó gbé e sí abíyá, ó sì fara mọ́ ògiri nínú òkùnkùn lọ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ìrìn àjò méjì ni, nítorí bàtà ọkùnrin gíga yẹn nìkan gba ìdajì ìborùn. Gbogbo èèyàn kọ ẹ̀yìn sí i. Búdà nìkan ló rí i. Òun náà sì ṣe bí àgbà tó ká ọmọdé mọ́ ìdí ìṣasùn, ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dijú.

Nígbà tó padà sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó bóyá ó kù, ó rí i pé bàtà méjì mìíràn tún ti dé. Ẹnì kan ti pẹ́ wọlé. "Ìwọ náà, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n jí tìrẹ," ni Àlàájà wí sínú, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ yẹn, Loretta tó jẹ́ ọ̀gá ni. Ó rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé ọgbọ́n tuntun tí Muminat dá ni, ó wú u lórí, ó bọ́ tirẹ̀, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí pákó rẹ̀.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Muminat gbójú sókè, ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń kọ̀wé, ó rí ẹsẹ̀ gbogbo wọn láìsí bàtà, ó rí òjìji kan tó jọ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ti ẹnu ọ̀nà àbájáde bọ̀, tó ń fi ìborùn nu ọwọ́. Ọ̀rọ̀ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ṣí ìwé, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ fọ́n káàkiri. Gbogbo ihò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin gíga wo ẹnu ọ̀nà, ó rọra yọ́ lọ síbẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ bó ṣe ń wá nǹkan nílẹ̀, tó ń mí hẹ̀ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó tún yọ́ padà, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ dàrú bíi ti ẹni tó ka owó lẹ́ẹ̀mẹta tí kò pé. Nígbà tó jókòó, Àlàájà náà jókòó, nítorí orúnkún rẹ̀ ti gba tó. Ni gbogbo wọn bá jókòó.

Ìdákẹ́jẹ́ náà wá pọ̀ ju ohun tí Àlàájà lè gbà lọ. Ó ti gbìyànjú. Ìṣẹ́jú méjìlélógójì gbáko ló fi pa ẹnu mọ́, ó sì tó kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn. Ó nàka sí àwọn orí tó wà nínú gíláàsì, ó sì fi òyìnbó rẹ̀ béèrè pé:

"Please, who cut their head?"

Muminat wò ó. Ìyá àgbà wo ọmọ-ọmọ. Nǹkan kan sì rọ̀ lójú ọmọ náà. Kò wo ìwé tó wà nílẹ̀ mọ́.

Ó ní àwọn oníṣòwò ni. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n mú òòlù wọ inú ihò, wọ́n gé orí àwọn ère, nítorí orí ni àwọn olówó òkè òkun ń rà. Orí wà níbí, ara ṣì jókòó lọ́hùn-ún nínú àpáta, láìlórí, ó ń dúró. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí," ló wí. "Ní ìlú ìyá àgbà mi, àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Olúmọ. Nígbà ogun, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn sá sí. Àwọn obìnrin ń lọ àgbàdo lórí àpáta náà títí ó fi dá ihò sí i. Àwọn ihò náà ṣì wà. Ìyá àgbà mi máa ń gbé ọwọ́ mi sínú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ṣì ń gbóná. Bí ẹnì kan bá wá fi ayùn gé ọ̀kan nínú ihò yẹn, tó gbé e wá síbí, tó fi sínú gíláàsì, kí lẹ máa rí? Òkúta tó lu ni. Ìyá àgbà mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó lè gbóná."

Àlàájà fa ìborùn rẹ̀ sójú láti nu omi tó fẹ́ jábọ́, òórùn ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́rìndínlógún sì gbá a nímú. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Gbogbo wọn ní "Bless you." Muminat sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí odò tó já, ó ń dìde, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọwọ́ Búdà, wọ́n ń bi í léèrè, ó ń dá wọn lóhùn. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wọlé. Mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ títí ó fi parí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n bá pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n wá bàtà.

Jamal, ẹ̀ṣọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, ti ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun rí bàtà méjìdínlógún, ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wọn, kò sì sí èèyàn nínú wọn. Àwọn kan ti sáré dé àbáwọlé, wọ́n ń pariwo pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló wà lọ́hùn-ún. Ọkùnrin gíga ní ọkọ̀ ojú irin òun ń lọ. Obìnrin kan ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí òun rí, kódà ní New York. Loretta dúró láàárín wọn lórí ìbọ̀sẹ̀, pákó ìkọ̀wé lọ́wọ́.

"Ta ló ṣe èyí?" ló béèrè.

Jamal ní ẹni tó ń darí àwọn àlejò ló yẹ kó dáhùn. Yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Muminat. Muminat wo Àlàájà, ó gbé ojú kúrò. Ọmọ tó dára ni. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà máa lọ, kò ní nàka sí ìyá àgbà rẹ̀.

Àlàájà gbá àyà.

"Èmi ni o! Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. Òṣàyẹmí, bá mi sọ fún wọn. Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀."

"Grandma!" Muminat fi ọwọ́ bojú.

Àlàájà rò ó fún wọn láti orí dé ẹsẹ̀: Jímọ̀ mẹ́ta, Iléyá, sálúbàtà ilé ìwẹ̀ méjì, òfin ọkọ rẹ̀. "Kò sí olè tí ń jí ẹsẹ̀ kan! Kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣe?" Loretta ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, láì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi sálúbàtà òsì méjì, ìyàwó ọkùnrin gíga kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn wọ́n bí iná ọyẹ́. Ọkùnrin gíga kò rẹ́rìn-ín. Loretta náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí oníkálukú wá tirẹ̀, ó yí sí Muminat, ó ní àwọn méjèèjì máa rí ara wọn ní ọ́fíìsì kó tó di aago márùn-ún, ó sì kọ nǹkan gígùn kan sórí ìwé rẹ̀.

Fóònù Àlàájà ń dún. Daud ni. Ó ti yí àdúgbò náà po lẹ́ẹ̀mẹtàdínlógún, ọlọ́pàá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i bí ojúlùmọ̀. "Ìyáà mi! Aago mẹ́ta ti kọjá! Plane!" Àlàájà ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà dúdú kan níbí, ó sáré lọ sọ́hùn-ún bí ẹni tó tiro, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ìkejì, ó fara mọ́ Muminat láyà fún ìṣẹ́jú kan, ó sì bọ́ síta.

Nínú mọ́tò, Àlàájà fọwọ́ lẹ́rán. Daud wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé ara ń ro ó ni.

"Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ rẹ jẹ́, Daud. Ọmọ ní kí n ṣe nǹkan mẹ́ta péré. Nǹkan mẹ́ta! Mo sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ kan nǹkan, mo ní èmi ni ìyá àgbà rẹ̀. Kò ṣẹ́ ku ọ̀kan."

"Ẹ kò fọwọ́ kan ère."

"Bàtà ni mo fọwọ́ kàn. Ó burú ju ère lọ. Ère kì í wá ọkọ̀ ojú irin lọ."

Bí wọ́n ti dé pápákọ̀ òfúrufú, tó ń rìn lọ síbi tí wọn yóò ti wọkọ̀, bàtà òsì rẹ̀ ń yọ̀, ó ń lu gìgísẹ̀ rẹ̀ pà, pà, pà. Ó ní ìbànújẹ́ ti jẹ́ kí òun rù débi ẹsẹ̀. Ó jókòó. Ó kọ etí sí fóònù. Aago márùn-ún kọjá, kò dún. Aago márùn-ún ààbọ̀, kò dún. Wọ́n ti ń pe àwọn arúgbó àti aláboyún pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé nígbà tí ojú Muminat yọ lórí fóònù, ojú náà pọ́n, omi wà nínú rẹ̀.

"Yéè," ni Àlàájà wí. "Wọ́n ti lé ọ. Má sunkún, ọmọ mi, bá mi ká lọ sílé, ká jọ máa ta…"

"Grandma, wọn ò lé mi! Ẹ̀rín ni mò ń rín láti ìgbà tí ẹ ti lọ! They gave me the job! Ọ̀gá mi ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni kò yọ́ lọ láàárín ọ̀rọ̀."

"Báwo ni wọn ì bá ṣe yọ́ lọ? Ta ló ní bàtà?"

"That's what I told her!"

Àlàájà fò dìde lórí àga, ó kígbe Alihamudulilai, àwọn aláboyún tó wà níwájú wo ẹ̀yìn. Ó ń ṣe ìjó kékeré kan, bàtà òsì ń lu ilẹ̀ pà, pà, pà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sì na ọwọ́ sí i pé ó yá, òun ló kàn. Nígbà náà ni fóònù yí ojú, Loretta sì hàn nínú rẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀, bó ti yẹ. Ó wá rọra na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú kámẹ́rà: bàtà dúdú kan ló wà níbẹ̀, ó há gádígádí, ìlàjì gìgísẹ̀ rẹ̀ wà ní ìta bí ọmọ tí kò ráyè nínú ibùsùn.

"Màmá," ló wí, Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá, "ẹ sọ fún gbogbo wa pé kò sí olè tí ń jí ẹsẹ̀ kan. Èyí tí ó wà ní ẹsẹ̀ òsì yín yẹn ńkọ́?"